Gbólóhùn Kan nínú Òfin Ilẹ̀ Wa: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Èdè Àpapọ̀

Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà kọjá lásán ni abala 55 òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò máa lò, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú, nígbà tí ètò tí ó yẹ bá ti wà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin 1979 ti wí ní abala 51. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti í yẹ gbólóhùn inú ìwé àròsọ wò. Inú olórí awẹ́ gbólóhùn ni Gẹ̀ẹ́sì wà, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ ni a so èdè mẹ́ta yòókù mọ́, a kò sì dárúkọ ẹni tí yóò ṣe ètò náà. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn: ó ṣèlérí, kò ní olùṣe.

“Nígbà tí” yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní 2022, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà fi kún un pé yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e.

Àwọn kan a máa tọ́ka sí ilẹ̀ Philippines, pé ìbá sàn kí àwa náà yan èdè kan ṣoṣo. Ní 1937, Ààrẹ Manuel Quezon kéde pé Tagalog ni ìpìlẹ̀ èdè àpapọ̀. Ní 1959 ó di Pilipino. Òfin 1987 pè é ní Filipino. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ Cebuano ń wí pé Tagalog náà ni ó pa orúkọ dà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí yíyan èdè kan ń ná ni, kí ó wá sí Alímọ̀ṣọ́. Ní ọjà Ìkòtún, Ìgbò, Ègùn àti Ìjẹ̀bú ń fi Yorùbá ná ọjà, òfin kankan kò pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n Àwórì ni ó ni ilẹ̀ náà. Ọmọ Àwórì tí ó wà ní kíláàsì ní Ìgándò tàbí Ẹgbẹ́dá, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó ń kọ, èyí tí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì fi èdè Ọ̀yọ́ ṣe òpómúléró rẹ̀, tí odindi Bíbélì 1884 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èrè rẹ̀ kò kéré: ó lè ka Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó àti Fálétí ọmọ Ọ̀yọ́ láìwá ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹ̀ka-èdè ìyá-ìyá rẹ̀ kọ àròkọ, gègé pupa àwa olùkọ́ ni yóò pàdé. Èmi náà ti fa irú gègé bẹ́ẹ̀ rí. N kò fi bò. A ń bínú pé abala 55 so Yorùbá mọ́ “nígbà tí”. Àwórì ńkọ́? A kò tilẹ̀ fún un ní “nígbà tí” kankan.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò wo abala 97 òfin kan náà, tí ó gba Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdèkédè tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá sáà ti fẹnu kò sí i. Kí ó wá “nígbà tí” níbẹ̀. Kò ní rí i.