Òṣùwọ̀n Ìwà: Ohun tí Alámèyítọ́ Lè Rí Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Onímọ̀ Ọkàn Ẹ̀dá

ÌFÁÀRÀ

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nínú ìdánwò lítíréṣọ̀ Yorùbá: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹ̀dá-ìtàn kan, kí ó sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń kọ kò ju àkójọ orúkọ ìwà lọ: òǹrorò ni, ahun ni, agbéraga ni, ó parí. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti fojú kan iṣẹ́ Freud díẹ̀ a sì máa sọ ẹ̀dá-ìtàn di aláìsàn. Wọn a fún un ní orúkọ àrùn kan, wọn a rò pé àwọn ti fi ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá ṣe lámèyítọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn méjèèjì kò kúnjú òṣùwọ̀n. Àbájáde ìmọ̀ náà ni wọ́n mú, wọ́n fi ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà dé ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídíwọ̀n ìwà kì í yára dájọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é, kí a tó wo èyí tí ó bá iṣẹ́ wa mu.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ A FI Ń DÍWỌ̀N ÌWÀ

Ọ̀nà kìíní ni kí a bi ẹni náà fúnra rẹ̀ léèrè. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni Robert Woodworth ṣètò ìwé ìbéèrè kan fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè tètè mọ àwọn tí ọkàn wọn kò ní lè gba wàhálà ojú ogun. Ọ̀pọ̀ ni ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni MMPI, tí Hathaway àti McKinley ṣe ní Yunifásítì Minnesota, tí ó jáde ní 1943. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a fiyè sí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i nípa àwọn àléébù kéékèèké tí kò sí ẹni tí kò ní wọn. Ẹni tí ó bá sẹ́ gbogbo rẹ̀, tí ó ní òun kì í bínú, tí ó ní òun kò purọ́ rí, òun gan-an ni wọ́n ń fura sí.

Ọ̀nà kejì ni kí a gbé ohun tí kò ní ìtumọ̀ pàtó síwájú ènìyàn, kí ó fẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Hermann Rorschach, dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gbé àwòrán àbàwọ́n tàdáwà 10 jáde ní 1921, ọdún kan kí ó tó kú. Ní 1935, Christiana Morgan àti Henry Murray ti Yunifásítì Harvard gbé tiwọn kalẹ̀. Àwòrán ènìyàn ni wọ́n fi ń han ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn a ní kí ó pa ìtàn lé e lórí: kí ni ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni ó ń lọ lọ́wọ́, báwo ni yóò ti parí? Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ohun tí ó wà lọ́kàn apìtàn ni yóò máa fara hàn nínú ìṣe àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí a ṣọ́ ènìyàn nídìí ohun tí ó ń ṣe, tàbí kí a bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè. Irú èyí ni Hartshorne àti May ṣe ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ iléèwé ní ààyè láti ṣe èrú nínú ìdánwò, nínú eré ìdárayá àti nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1928.

ÈWO NI TI ALÁMÈYÍTỌ́?

Ẹ̀dá-ìtàn kò lè dáhùn ìbéèrè wa. Bí ó bá sì jẹ́ òun ni ó ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn, bí Àkàrà-Ògùn ti ṣe nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ó yẹ kí a rántí ọgbọ́n Hathaway àti McKinley: kí ni ó gbà pé òun ṣe tí kò dára, kí ni ó sì fò dá?

Ọ̀nà kejì ni ó ń dẹ́kùn mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó ń pa ìtàn ni ọ̀nà náà ń díwọ̀n. Kì í díwọ̀n ẹni tí a ń pa ìtàn rẹ̀. Bí a bá gbé e wọ inú ìwé ìtàn àròsọ, òǹkọ̀wé ni yóò bá wí, ẹ̀dá-ìtàn yóò bọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì wo ẹ̀dá-ìtàn tí òǹkọ̀wé kò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, tí ó fi èrò ara rẹ̀ dí àlàfo náà, ó ti jókòó síwájú àbàwọ́n Rorschach láìmọ̀. Ìwà ara rẹ̀ ni olùyẹ̀wé yóò kà nínú ìdáhùn náà.

Ọ̀nà kẹta ni ó kù fún wa. Ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ṣe, ibi tí ó ti ṣe é, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn inú ìwé wí nípa rẹ̀, ìwọ̀nyí ni ẹ̀rí wa.

ÒṢÙWỌ̀N FÚN ÒṢÙWỌ̀N

Ohun méjì ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ń béèrè lọ́wọ́ òṣùwọ̀n kí wọ́n tó gbà á. Kìíní, ṣé ohun kan náà ni yóò wí bí a bá tún lò ó lọ́la? Èkejì, ṣé ohun tí a ní ó ń wọ̀n ni ó ń wọ̀n lóòótọ́? Ẹni tí ó bá ń ra ìrẹsì lọ́jà yóò tètè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú yóò wọn iye kan náà lónìí, lọ́la àti lọ́tùnla. Síbẹ̀, kò pé.

Ọdún 1948 ni Bertram Forer fi hàn bí ó ti rọrùn tó láti gba irú kóńgò bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 wò, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àbájáde tirẹ̀, ó ní kí wọ́n fi máàkì 5 díwọ̀n bí ó ti bá wọn mu sí. Ìpíndọ́gba máàkì tí wọ́n fún un jẹ́ 4.26. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni òun kọ fún gbogbo wọn, àti pé inú ìwé àwọn awòràwọ̀ ni ó ti ṣà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí yẹ ìdáhùn ara rẹ̀ wò. Bí ó bá kọ ọ́ pé ẹ̀dá-ìtàn kan fẹ́ràn àwọn ẹbí rẹ̀ ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àṣìṣe, kí ó yọ orúkọ kúrò, kí ó fi ti ẹlòmíràn sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì bá a mu, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó BÍNÚ, A MÁA BÍNÚ, ONÍNÚFÙFÙ NI

Ní 1936, Allport àti Odbert ṣa ọ̀rọ̀ 17,953 jọ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a lè fi ṣe àpèjúwe ènìyàn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, nǹkan bí 4,500 ni wọ́n kà sí orúkọ ìwà tí ó fìdí múlẹ̀. Púpọ̀ nínú ìyókù jẹ́ ohun tí ń bá ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, tàbí ìdájọ́ tí aráyé ṣe fún un. Gírámà Yorùbá ń ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ yìí láìsí wàhálà. "Ó bínú" ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "A máa bínú" ń sọ ohun tí ó di bárakú. "Onínúfùfù ni" ń sọ ẹni tí ó jẹ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìdáhùn ìdánwò ni kí a fò láti orí gbólóhùn kìíní sí ẹ̀kẹta, kí a má ya ọ̀dọ̀ ẹ̀kejì.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn jà lórí èyí. Hartshorne àti May ti rí i pé ọmọ tí ó ṣe èrú níbì kan lè ṣe òótọ́ níbòmíràn. Ní 1968, Walter Mischel kọ ọ́ pé bí a bá fi òṣùwọ̀n ìwà sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe níbì kan pàtó, ìbátan tí ó wà láàárín méjèèjì kì í sábà ju 0.30 lọ. Ní 1979, Seymour Epstein fèsì pé bí a bá kó ìṣe ọ̀pọ̀ ọjọ́ jọ, ìwà a máa dúró. Ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì kọ́ wa: ìṣe ẹyọ kan kò tó láti fi sọ ènìyàn lórúkọ.

ÀPẸẸRẸ: ẸFÚNṢETÁN

Ẹ jẹ́ kí a mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá. "Òǹrorò ni" ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀rí wà: Ìyálóde ṣòfin pé ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún yóò kú, Adétutù sì kú nípasẹ̀ òfin náà. Òfin kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan. Ìpele "a máa" ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà dojú kọ: oyún ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò sí ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìkà náà ní ojúlé tí ó ń gbé. Ìdáhùn tí ó bá tọ́ka sí ojúlé yìí, tí ó sì wá inú eré náà láti mọ̀ bóyá Ìyálóde le bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ti kọjá orúkọ ìwà lásán.

Ẹlẹ́rìí mìíràn tún wà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kan Ẹfúnṣetán ní 1874: kò bá a lọ sógun, kò fi ohun èlò ránṣẹ́, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Ẹ̀sùn olóṣèlú ni ìwọ̀nyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi Johnson ṣàtúnṣe eré, kò sì gbọdọ̀ fi eré ṣe ìtàn. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n, kò sì sí èyí tí ó lè jẹ́rìí fún èkejì.

ÌKÁDÌÍ

Àwọn Yorùbá ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ọkàn ẹ̀dá ń tẹ̀ lé kò jìnnà sí òwe yìí. Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí olùkọ́ máa béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: Ta ni ó wí bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀dá-ìtàn yìí? Ìgbà mélòó ni ó ṣe é? Níbo ni kò ti ṣe é? Ṣé ọ̀rọ̀ náà kò bá ẹlòmíràn mu? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ orúkọ Rorschach tàbí Mischel, tí ó sì lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí láti inú ìwé tí ó kà, ti ṣe lámèyítọ́. Ẹni tí ó mọ gbogbo orúkọ náà, tí kò lè dáhùn, kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú ni ó gbé dání.