Ọwọ́ Mai-ṣáì Akínyẹlé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní ọjà màlúù Akínyẹlé, mai-ṣáì, ẹni tó ń ta tíì, ti dáná èédú. Kẹ́tù ń hó, agolo mílíìkì, ṣúgà àti búrẹ́dì ti wà lórí tábìlì.

Ife méjì ló ń mú dání. Á gbé ọ̀kan sókè dé èjìká, á fi ìkejì sísàlẹ̀ nítòsí ìbàdí, á wá máa da tíì gbígbóná láti òkè wá, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, láìta sílẹ̀. Á tún dà á padà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Atẹ́gùn tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń mú kó yọ ìfófòó, òun náà ló ń mú kó tutù dé ibi tí ẹnu lè gbà. Mílíìkì àti ṣúgà á ti pò pọ̀ láìlo ṣíbí. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn!

Ní Japan, níbi ayẹyẹ tíì wọn, ohun ìpo tí wọ́n fi ọparun ṣe ni onílé fi ń po ìyẹ̀fun tíì nínú abọ́, àlejò á sì yí abọ́ náà kó tó mu ún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Akínyẹlé kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mai-ṣáì kì í kàn ṣe é bó ṣe wù ú: á kọ́kọ́ bèèrè bí ṣúgà yóò ṣe pọ̀ tó.

Alápatà, awakọ̀ àti darandaran, bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí.