Ta Ló Ń Fi Orin Jẹ Oyè Kilásíkà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ló ń sọ orin òde òní di kilásíkà gan-an? Àwọn kan ní bó bá ti ní fayolíìnì nínú, ó parí. Àwọn mìíràn ní àfi kí ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Èmi ò gbà, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé (kì í ṣe Aníkúlápó o!). Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin yìí ń fi dùùrù lu jáàsì nílé fàájì, ó sì tún ń tẹ dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ kan náà ni. Ní 1944 ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Apá kan nínú rẹ̀, "Akinla", orí orin háíláìfù ló gbé e kà. Háíláìfù táwọn èèyàn ń jó lóde àríyá! Ṣówándé kú ní 1987, síbẹ̀ àwọn tí kò rí i rí ṣì ń lu iṣẹ́ yẹn. Ní Kánádà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi "Akinla" ṣe orin ìdámọ̀ ètò rédíò Gilmour's Albums.

Ìwọ̀n tèmi rèé. Àkọ́kọ́, ṣé iṣẹ́ wà nínú orin náà tó fi jẹ́ pé bí a bá tún un gbọ́, a ó rí ohun tá ò rí tẹ́lẹ̀? Èkejì, ṣé ẹlòmíràn lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó dá a, kó kọ́ ọ, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sì lè sọ fún un pé, "O ṣì í"?

Ẹ ò rí i pé ìwé ò sí nínú ìwọ̀n yìí. Ọmọ Àyàn ń kọ́ dùndún láti kékeré lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀; bó bá ṣì í lù, àgbà á dá a dúró. Kí ló wá kù?

Ní 1970, Steve Reich, ará Amẹ́ríkà, lọ kọ́ ìlù Ewe ní Ghana. Ní 1971 ó parí Drumming. Mi ò bú u. Iṣẹ́ ńlá ni, ọgbọ́n tirẹ̀ sì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ wọ́n ń pe tirẹ̀ ní kilásíkà, wọ́n ń pe ti àwọn tó kọ́ ọ ní "ìlù ìbílẹ̀". Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Kì í ṣe gbogbo orin tó dùn ni kilásíkà. Fújì tó dùn ti dùn, kò nílò oyè kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ń to orin fún ètò wa, ẹ má dúró sórí Bach àti Handel. Ẹ wáyè fún Ṣówándé. Kí ẹ sì fún onílù lágà lórí ìtàgé, ká jókòó ká gbọ́ ọ, dípò ká máa fi í sẹ́nu géètì kó máa kí àlejò.