Tánganran Tí Kò Fọ́

Ní 2005, Sony ní Japan gbé bátìrì Nexelion jáde fún kámẹ́rà fídíò. Mo kan sáárá sí wọn títí dòní. Tánganran ni wọ́n fi dípò gráfáìtì inú bátìrì líthíọ́mù. Tánganran lè gba líthíọ́mù ju gráfáìtì lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bó bá gbà á, á wú; bó bá tú u sílẹ̀, á súnkì. Wíwú òun sísúnkì yìí ní í fọ́ ọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n wá po tánganran, kóbálútì àti kárbọ̀n pọ̀ kúnná-kúnná, tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú wọn, kí wíwú náà lè rí ibi fara mọ́. Sùúrù yẹn wú mi lórí! Agbára bátìrì náà fi ìdá 30 nínú 100 ju ti bátìrì oní-gráfáìtì lọ.

Àmọ́ kóbálútì wọ́n lówó. Ní Binghamton, Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì Stanley Whittingham ti fi irin dípò rẹ̀ wò.