Ìró Tó Jẹ́ Orin àti Èyí Tó Jẹ́ Àìsàn: Lámèyítọ́ Fáàfù inú Amplifier Jìtá

Àbùkù ló sọ fáàfù inú amplifier jìtá di ààyò àwọn olórin. Ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn ni kí ohùn tó wọlé ní kékeré jáde ní ńlá láìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí agbára fáàfù bá pin, tí ohùn bá ń ya, ló máa ń dùn mọ́ olórin jù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó máa tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní etí orin kó tó ní irinṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí fáàfù ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú gíláàsì kan jáde. Irin àárín rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń tú jáde lára rẹ̀. Awo irin tó yí i ká ń fà wọ́n mọ́ra pẹ̀lú iná tó lè ju 400 fólíìtì lọ. Wáyà tín-ín-rín tí Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi sáàárín méjèèjì ní 1906 ni oníbodè: ohùn fẹ́lẹ́ láti ara jìtá ló ń pàṣẹ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó máa jẹ́ kó kọjá fún un. Bí olórin bá ta okùn líle, tí oníbodè ṣí ọ̀nà gbayawu tàbí tó tì í pátá, kò síbi tí ohùn tún lè gbà pọ̀ sí i. Orí rẹ̀ á tẹ́, á ya, á sì ki.

Àpẹẹrẹ yíya yìí tó hàn gbangba ni amplifier JTM45 tí Jim Marshall, Ken Bran àti Dudley Craven ṣe ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Fender Bassman ti Amẹ́ríkà ni wọ́n wò ṣe é. Ṣùgbọ́n níbi tí Fender fi fáàfù 12AY7 sí níwájú, fáàfù ECC83 ni wọ́n fi síbẹ̀, agbára èyí láti sọ ohùn di ńlá sì ju ìlọ́po méjì ti ìṣáájú lọ. Fáàfù tó tẹ̀lé e ń tètè kún, ohùn ń tètè ya. Nígbà tí olójìtá Eric Clapton gbé amplifier Marshall wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú olórin John Mayall ní 1966, tó yí i sókè gan-an, ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń sá fún di ohun tí àwọn olójìtá ń lé kiri.

Kí wá ni ká pè ní àìsàn? Ojú ló kọ́kọ́ ń rí i. Ìmọ́lẹ̀ búlúù lára gíláàsì kò léwu. Bí awo irin inú rẹ̀ bá pọ́n yòò, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀: iná tó ń gba ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà inú gíláàsì bá di funfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, fáàfù náà ti kú. Lẹ́yìn ojú ló kan etí. Ẹ fi pẹ́ńsù onígi rọra kan fáàfù kékeré kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún gooro nínú sípíkà ni kí ẹ fi tuntun pààrọ̀. Bí ẹ bá yí ohùn sílẹ̀ pátápátá tí ariwo kò lọ, lára àwọn ẹ̀yà tí ohùn ń gbà kọjá lẹ́yìn bọ́tìnnì ohùn ni kí ẹ ti wá a.

Àṣà tí mo lòdì sí ni kíkó gbogbo fáàfù dànù nígbàkigbà tí ohùn bá yí padà. Fáàfù tó pọ́n lè má jẹ̀bi. Kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná, tó ń jò nítòsí rẹ̀ ló lè fà á, tuntun tí wọ́n bá sì fi síbẹ̀ á jó bákan náà. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ náà o, torí iná tó lè pa ènìyàn lè ṣì wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri.

Òṣùwọ̀n mi ni ọwọ́ olórin. Yíya tó ń pọ̀ nígbà tó bá ta okùn líle, tó ń rọlẹ̀ nígbà tó bá rọra ta á, orin ni. Ariwo tí kò ka ọwọ́ rẹ̀ sí, tó ń dá dún lẹ́yìn tí okùn ti dákẹ́, àìsàn ni. Atúnṣe tó bá pa ti àkọ́kọ́ nítorí àtiwo èkejì ti ba ohun tí olórin tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ náà jẹ́.