Kì í Ṣe Ojú Yín Ló Jẹ̀bi

 

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìwé kan wò. Kì í ṣe ìwé ńlá. Ìwé pẹlẹbẹ ìsìnkú ni, irú èyí tí à ń pín fún àlejò ní Porto-Novo, Àjàṣẹ́ wa níbí, nígbà tí àgbàlagbà bá kú. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Àwòrán olóògbé wà níwájú, ìtàn ayé rẹ̀ wà nínú, orin ìsìn wà lẹ́yìn.

Àwọn ọmọ olóògbé ló ní kí n bá àwọn kọ ìtàn bàbá wọn ní Yorùbá. Mo kọ ọ́. Akọ̀wé kan bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo kà á lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pé. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Nígbà tí ìwé náà jáde, bébà rẹ̀ nípọn, ó ń dán. Àwòrán bàbá mọ́ kedere. Àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé bá aṣọ ẹbí mu. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, iṣẹ́ tó dára ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ewé kejì. Níbi tí mo kọ “A fi ọ̀wọ̀ sin bàbá wa,” ohun tí wọ́n tẹ̀ ni “A fi òwò sin bàbá wa.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa. Àmì ohùn wọn kò yàtọ̀. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀wọ̀ ni iyì tí à ń fún àgbà. Òwò ni kí a rà kí a tà. Ó wá dà bí ẹni pé àwọn ọmọ fi òkú bàbá wọn pawó. Ẹ mọ iye tí ìsìnkú ń náni nílùú wa, ẹ sì mọ bí ẹnu aráyé ṣe rí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó lọ síbi ìsìnkú náà, ó sì mú ìwé rẹ̀ wá sí kíláàsì kí ó lè fi kàwé. Nígbà tó dé orí ìlà yẹn, ó kà á, ó dákẹ́. Ó tún un kà. Ó wá pa ìwé dé, ó ní: “Olùkọ́, ẹ má bínú o. Mo rò pé mo ti mọ̀wé kà. Àṣé n kò ì tíì mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àṣìṣe inú ìwé náà lọ. Ìyá kà á bó ṣe yẹ. Ohun tó wà lórí bébà gan-an ló kà. Ìwé ló ṣì í lọ́nà, òun ló sì ń tọrọ àforíjì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àròkọ yìí.

Báwo ni lẹ́tà ṣe ń sọnù?

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà ń fi pa mọ́. Nígbà tó bá fẹ́ fi lẹ́tà hàn yín, ó máa ń wá àwòrán tó wà ní ipò nọ́ńbà náà. Àkójọ àwọn àwòrán lẹ́tà yìí ni wọ́n ń pè ní fọ́ǹtì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní gbogbo ìsọ̀ tó wà ní ọjà Ouando ní nọ́ńbà. Ẹ rán ọmọ sí ìsọ̀ 245 kí ó ra ata wá. Bó bá dé Ouando, yóò bá ata níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọjà Adjarra ló lọ, ó lè jẹ́ aṣọ ni wọ́n ń tà ní ìsọ̀ 245 tiwọn. Ọmọ kò ṣi nọ́ńbà gbọ́. Ọjà ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ǹtì rí.

Àkójọ nọ́ńbà àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe kò ní ju ipò 128 lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń rò nígbà yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àwọn tó ní ipò 256, kí àwọn èdè Yúróòpù lè rí àyè. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, é, è àti ç tí àwọn Faransé ń lò wà níbẹ̀. Lẹ́tà ò wà ní ipò 242. Lẹ́tà õ, tí àwọn Potogí ń lò, wà ní ipò 245. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ɛ àti ɔ kò sí níbẹ̀.

Kí ni àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé ní èdè wa wá ṣe? Wọ́n dá ọgbọ́n. Wọ́n mú lẹ́tà tí a kì í lò kúrò ní ipò rẹ̀, wọ́n sì ya lẹ́tà tiwa síbẹ̀. Èmi kò bá wọn wí. Bí kì í bá ṣe ọgbọ́n yẹn, ọ̀pọ̀ ìwé èdè abínibí kì bá tí jáde. Àléébù rẹ̀ kan ni pé olúkúlùkù ló ń yan ipò tó wù ú. Ibi tí ẹnì kan ya ọ sí, ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ya ẹ sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìsìnkú wa nìyí. Nínú fọ́ǹtì akọ̀wé, ipò õ ni wọ́n ya ọ̀ sí. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a rí ọ̀wọ̀. Ilé ìtẹ̀wé kò ní fọ́ǹtì náà. Wọ́n fi fọ́ǹtì tó rẹwà jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Kíá, ọ̀wọ̀ di õwõ. Ẹni tó ń to ojú ewé jẹ́ ọmọ Ègùn, ó mọ Faransé kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ Yorùbá kà. Ó rò pé ọwọ́ akọ̀wé ló ṣì, ó sì fi òwò sí i. Ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. Akọ̀wé kò parọ́. Ẹni tó to ojú ewé kò parọ́. Èmi pàápàá kò parọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi, nítorí n kò padà lọ kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Àkọtọ́ méjì

Ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìwé kìíní mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni à ń gbà kọ Yorùbá ní agbègbè wa. Àwọn ará Nàìjíríà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Àṣà yẹn ti pẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS ló mú un gbilẹ̀, wọ́n sì ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Ní ilẹ̀ Benin, a fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lélẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè ní 1975. A tún un ṣe ní 1990 àti ní 2008. Nínú rẹ̀, ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh, p di kp. Ọ̀wọ̀ di ɔ̀wɔ̀. Ẹṣin di ɛshin. Pẹ́pẹ́yẹ di kpɛ́kpɛ́yɛ. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ni mo fi kọ àròkọ yìí, kí ojú yín lè mọ́ ọn.

Èwo ló dára jù? Mo ti wo méjèèjì nílé ìtẹ̀wé, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Bí ɔ bá sọnù, ó sábà máa ń pariwo. Àpótí kékeré tàbí àmì àjèjì ló máa ń wà nípò rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá yóò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí àmì abẹ́ ọ bá já bọ́, o ló kù, o sì jẹ́ lẹ́tà gidi. Kò sí ẹni tí yóò fura. Lẹ́tà tó bá sọnù láìpariwo ló léwu jù. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà pọ̀, Bíbélì wà nínú wọn, a kò lè ní kí a má kà wọ́n. Ẹ kọ́ méjèèjì.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ lè dá yí ọ̀kan padà sí èkejì. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo p di kp, pẹ́pẹ́yẹ yóò dára. Ṣùgbọ́n Porto-Novo yóò di Kporto-Novo, Paris yóò sì di Kparis. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé orúkọ ìlú ni. Ènìyàn ló mọ̀.

Àwa nìkan kọ́

Ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà àti ní Sri Lanka, àwọn kan wà tó ń sọ èdè tí wọ́n ń pè ní Tamil. Wọ́n ní lẹ́tà tiwọn, kò jọ tiwa rárá. Àwọn náà ṣe oríṣiríṣi fọ́ǹtì láyé àtijọ́, nọ́ńbà wọn kò sì bára mu. Tiwọn tún le ju tiwa lọ. Nínú ìkọ̀wé wọn, bí ẹnu bá sọ “ke,” àmì fún e ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, kí k tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì àtijọ́ ń to nọ́ńbà bí ojú ṣe rí i. Ètò tuntun ń tò ó bí ẹnu ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìwé àtijọ́ padà kò lè pààrọ̀ nọ́ńbà nìkan. Ó gbọ́dọ̀ tún wọn tò. Bí kò bá tún wọn tò, ọ̀rọ̀ yóò dàrú.

Ètò tuntun náà ń jẹ́ Unicode. Ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ ìjọba ní 2010. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ìwé kò fi fọ́ǹtì àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó rẹwà lójú wọn, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ kan kò sì mọ bí a ṣe ń to Tamil nínú Unicode. Wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń yí i bọ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà lè sọnù lọ́nà.

Kí ni Unicode ṣe fún wa?

Ìwé àkọ́kọ́ Unicode jáde ní 1991. Èrò rẹ̀ ni pé kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láyé ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí nọ́ńbà náà má sì yí padà láti fọ́ǹtì dé fọ́ǹtì. Ẹ kékeré jẹ́ 7865, ọ kékeré jẹ́ 7885. Ɛ kékeré jẹ́ 603, ɔ kékeré jẹ́ 596. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, kì í ṣe àwa nìkan la ni wọ́n. Báyìí, gbogbo ọjà ti di ọjà kan. Ẹni tó bá lọ sí ìsọ̀ ata yóò bá ata.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tán. Ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni: ti ọ, lẹ́yìn náà ti àmì ohùn ìsàlẹ̀, tí í ṣe 768. Bí fọ́ǹtì kò bá dára, àmì ohùn yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tó fẹ́ bọ́ lórí. Nítorí náà, ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé lo fọ́ǹtì tó mọ èdè wa. Charis SIL àti Gentium wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Ohun tí a lè ṣe

Èkíní, ẹ bi akọ̀wé léèrè bóyá Unicode ló fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́, ohunkóhun tí ilé ìtẹ̀wé ì báà ṣe sí tiwọn.

Èkejì, ẹ kọ ìlà ìdánwò kan sí òkè ìwé: ẹ ọ ṣ ɛ ɔ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́. Bí ìlà yìí bá yí padà nílé ìtẹ̀wé, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹ̀dà PDF tó ní fọ́ǹtì nínú ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gba bébà ìdánwò, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kà á sókè. Kí ẹni náà má fi ojú nìkan kà á. Ojú máa ń dárí ji lẹ́tà, etí kì í dárí jì í.

Àwọn ọmọ olóògbé tún ìwé náà tẹ̀, owó ló sì bá a lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá tí mo sọ, kò gba ìwé tuntun. Ó mú bíírò, ó ṣí ojú ewé kejì ìwé tirẹ̀, ó sì fi àmì méjì sí abẹ́ òwò. Ó wá kà á sókè fún gbogbo kíláàsì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ìwé bá sọ ohun tí kò mọ́gbọ́n dání fún yín, ẹ má yára bú ara yín. Ẹ tún un kà. Bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú bíírò.