Iṣẹ́ Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ Lára Irin Àtijọ́

Ní Ìkòsí àti Kétu nílùú Èkó, àwọn ọmọkùnrin kan máa ń yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á sì máa wọ́ ọ lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ tó ń ké bí ó bá gbóòórùn irin lábẹ́ ilẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì yìí ni tiwa. Ìṣó, ìdérí ìgò, nọ́ọ̀tì mọ́tò, ohun yòówù tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn oníkóńdẹ́mù tó ń ra àlòkù irin ni wọ́n ń tà á fún. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé bá ti ń dìde lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko láyé àtijọ́, irin àgbẹ̀dẹ náà lè bá wọn jáde. Orí ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ó di Ìkòròdú tàbí Ògijo, ó di inú iná ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin. Èyí dùn mí gan-an, torí pé irin bẹ́ẹ̀ ṣeé kà bí ènìyàn bá fara balẹ̀.

Ẹ mú ọkọ́ àgbẹ̀dẹ lọ́wọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e há a láàárín, kí ẹ máa fà wọ́n bọ̀ láti èjìká rẹ̀ dé ẹnu. Ó nípọn lókè, níbi tí agbára àgbẹ̀ ti ń wọ inú irin, ó sì ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tó ń kan ilẹ̀. Ọkọ́ tí ẹ̀rọ gé lára páànù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bákan náà ló nípọn jákèjádò. Alágbẹ̀dẹ kò gé tirẹ̀, ó nà án ni. Ẹ wá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí oòrùn fi ẹ̀gbẹ́ kàn án. Ẹ ó rí ojú òòlù, kòtò pẹlẹbẹ kéékèèké, ọ̀kan jẹ díẹ̀ wọ inú èkejì, láti àárín lọ sí etí. Ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fi àpá sára irin káàkiri. Ọwọ́ ọ̀gá kì í lu ibi tí kò yẹ.

Ìdí ọkọ́ ló wù mí jù. Alágbẹ̀dẹ na apá méjì jáde lára irin, ó ká wọn kí wọ́n lè gbá ẹ̀rúkọ́ mọ́ra, ibi tí apá méjèèjì ti pàdé sì hàn gbangba. Kò sí ìṣó, kò sí wẹ́dà. Ti àáké tún yàtọ̀: ìrù rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó gba inú orí igi kọjá, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi la igi ló ń há sí i. Orí ẹni tó ro èyí pé gan-an.

Ẹ wo ẹnu ọkọ́ náà pẹ̀lú. Bí igun kan bá jẹ ju èkejì lọ, àgbẹ̀ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan náà ló ń fi kọbè lọ́dọọdún.

Ti àdá ní ìṣòro tirẹ̀. Bí òǹtẹ̀ ọ̀nì bá wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ Crocodile sí, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti lè wá. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ lè jẹ́ ti àgbẹ̀dẹ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló pẹ́, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń fi sípíríìnì lọ́rì rọ àdá tipẹ́. Ìpatà ni kí ẹ wò. Irin tí wọ́n yọ láti inú òkúta ní ìléru àtijọ́ ní okùn ìdàrọ́ tín-ínrín nínú, nítorí náà bí ìpatà bá ń jẹ ẹ́, ó máa ń là gbọọrọ bí igi. Irin sípíríìnì ń jẹ ní kòtò kòtò. Lọ́dún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé nípa abúlé Ola-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ibi tí wọ́n ṣì ti ń yọ irin láti inú òkúta nígbà náà. Irin tí òyìnbó ń kó wá tà lówó pọ́ọ́kú ló pa iṣẹ́ náà.

Kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọn iná nínú àgbẹ̀dẹ ju ojú lọ. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ òrùlé wọn fi máa ń ṣú díẹ̀, kí àwọ̀ irin lè hàn. Bí iná bá pọ̀ jù, irin á jóná, á máa ta pàrà. Bí ó bá kéré, òòlù á là á. Ẹni tó ń fẹ́ ewìrì gbọ́dọ̀ mọ èyí bí ọ̀gá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Odindi ọkọ́ àtijọ́ ṣọ̀wọ́n, nítorí ọkọ́ tó bá ti jẹ tán máa ń padà sínú iná, wọ́n á fi rọ ọ̀bẹ, àjákù rẹ̀ á sì dé ojúbọ Ògún. Ẹ̀yin oníkóńdẹ́mù Kétu àti Mile 12, mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ kan èjìká irin kí ẹ tó jù ú sórí ìwọ̀n. Bí ó bá jọ ti àgbẹ̀dẹ àtijọ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ má fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí Mùsíọ́mù Ìjọba Àpapọ̀ ní Oníkan, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1957.